Láti Agége Dé Ojú Oórì

Ìsàlẹ̀ Èkó, Ọjọ́ Àìkú, oṣù Òkúdù, 1976

Ràfíù àbúrò mi, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ìyàwó mi kú lẹ́yìn ìrun àsùbáà lónìí. Ràfíù yìí náà ni mo rán lọ pe Múfú, ọmọ wa, ní Agége. Ó wá ilé náà títí. Àwọn aládùúgbò ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Múfú, torí ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé, òkùnkùn ló sì máa ń bá wọlé láti ibi iṣẹ́ ní Èkó níbí.

A kì í dá òkú Mùsùlùmí dúró. A sin ín lẹ́yìn ìrun àìlà.

Nígbà tí Múfú dé, ó ní, “Bàbá, ṣé wọ́n ti wẹ Màmá?”

Mo ní, “A ti sin ín.”

Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà.

Lẹ́yìn tí èrò lọ, ó tún gbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ dé. “Ẹ wá máa bá wa gbé ní Agége. Atẹ́gùn wà níbẹ̀, ẹ ó sì ráyè gbin àgbàdo.” Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ó mọ ibi tó ti lè mú mi.

Ìyá Sàlá, tí a jọ ń gbé ilé, dá a lóhùn. “Ṣé àgbàdo ló máa kírun sí wọn lára?”

Ilé Múfú dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ mí níbẹ̀ bí mo bá kú?

Mo ní mi ò lọ. Múfú ò jiyàn. Ó kàn bi mí bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe rí kí wọ́n tó fi aṣọ funfun bò ó. Mo ní ó dà bí ẹni tó ń sùn.

Ó ní kí n tún un sọ.