Ọ̀pẹ Tó Wọ Kóòtù Bàbá Àgbà

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kìíní
Rédíò ní òtútù gidi ń bọ̀, irú èyí tó ń sọ ìrì di yìnyín. Bàbá Àgbà ló máa ń di àwọn ọ̀pẹ inú ọgbà wa kó tó dé, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ti kú láti ìgbà òjò. Ó wá ku èmi àti Ìyá Àgbà.

Ọ̀pẹ mẹ́ta. Òtútù ni ọ̀tá wọn. A kó imọ̀ wọn jọ sókè, a fi okùn so ó bí irun ọmọdé. A wé àpò mọ́ wọn lára. A wá fi ewé gbígbẹ há àtàrí wọn, níbi tí màrìwò ti ń yọ — ibẹ̀ ni ẹ̀mí wọn wà. Bí òtútù bá wọ ibẹ̀, ó parí.

Àpò tán kó tó kan Gàgàrà, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná. Ìyá Àgbà wọlé, ó gbé kóòtù dúdú Bàbá jáde. A gbé e wọ ọ̀pẹ. A de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn. Èmi aláṣejù, mo tún lọ mú fìlà.

Kí n má purọ́, ara mi bù máṣọ. Èjìká Bàbá gan-an. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, mo gbé ohùn Bàbá wọ̀ — èyí tó máa ń gbọ̀n nísàlẹ̀ ọ̀fun: "Ìyàwó, rọra so mí o. Ìfun mi fẹ́ já."

Mo rò pé á fọ́ mi létí ni. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsìnkú.

Ìṣẹ́gun, 6
Ìyá Àgbà jẹun tán. Ó tún bù sí i. Ọ̀gá Pátápátá — màmá mi nìyẹn — wò mí bí ẹni pé mo fi nǹkan sínú oúnjẹ.

Ọjọ́bọ̀, 8
Ó ti di àṣà. Láràárọ̀, Ìyá Àgbà á gbé ife tíì méjì lọ bá Gàgàrà, èmi á wà lẹ́yìn ògiri. Wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ nípa omi ẹ̀rọ tó ń jò, nípa ajá àwọn ará iwájú. Inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi náà dùn. Ìgbà wo ni wọ́n ti ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe wèrè mi?

Nọ́ọ̀sì Onímú, tó ń fi imú sọ̀rọ̀, wá gbọ́ àyà Ìyá Àgbà. "Màmá, ẹ má ṣe jókòó sítaaa o. Àyà yín ò lè gba òtútù." Kó tó dé géètì ni mo ti ń fi imú sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Ó yíjú padà. Mo ń gbálẹ̀.

Àìkú, 11
Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ eléyìí.

Ìyá Àgbà bi Gàgàrà léèrè: "Bàbá, àlùmọ́gàjí tí ẹ fi ń gé imọ̀ dà?" Èsì ti wà lẹ́nu mi — mo fẹ́ ní, "Mo ti fi tọrẹ." Ohun tó jáde ni: "Ó wà nínú garawa tó fọ́, lábẹ́ àkàbà."

Ó lọ síbẹ̀. Ó bá a.

Èmi ò mọ̀ pé a ní garawa kankan tó fọ́.

Ọjọ́rú, 14
Oòrùn ti padà. Bí oòrùn bá ti dé, a gbọ́dọ̀ tú wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á jẹrà nínú aṣọ. A tú méjì. Ó kan Gàgàrà, Ìyá Àgbà ní àfi kí òun kọ́kọ́ bi í.

Mo gbé ohùn wọ̀. Mo fẹ́ sọ pé, "Tú mi, ooru ń pa mí."

"Má tú mi. Jókòó tì mí."

Ẹnu mi ni o. Ahọ́n mi kọ́ ló gbé e. Ó kàn gba inú mi kọjá.

Ìyá Àgbà lọ gbé àga.

Ọjọ́bọ̀, 15
Láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ ló fi jókòó síbẹ̀. Ó ń wúkọ́. Mo kúnlẹ̀: "Ìyá Àgbà, èmi ni o. Eré ni mò ń ṣe."

Ó fọwọ́ pa mí lórí. "Mo mọ ìgbà tó bá jẹ́ ìwọ. Tìrẹ máa ń yára jù. Ti ọjọ́ Àìkú yẹn, ìwọ kọ́."

Ẹtì, 16
Mo ti pa ẹnu mi dé.

Àbámẹ́ta, 17
Ó ṣì wà ní dídé. Ọ̀gá Pátápátá, tó máa ń pè mí ní Odídẹ nítorí ẹnu mi, fọwọ́ kan ọrùn mi bóyá ara mi gbóná: "Odídẹ dákẹ́? Ayé ti fẹ́ parí nìyẹn."

Ìyá Àgbà ò lè dìde láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì fún un lábẹ́rẹ́, ó ní bó bá tún fi lè jókòó nínú òtútù pẹ́nrẹ́n, kí a má pe òun mọ́.

Nígbà tó sùn lọ́sàn-án, mo lọ tú kóòtù náà. Òórùn! Mo di màrìwò mú, mo fà á. Bí ọ̀pẹ bá yè, màrìwò kì í tú. Ti Gàgàrà tẹ̀ lé mi lọ́wọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni fa ṣíbí yọ nínú ọṣẹ rírọ̀. Ìdí rẹ̀ dúdú, ó ń yọ omi.

Ó ti kú. Ṣùgbọ́n kóòtù náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú, ní apá àyà, bí èyí tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́.

Ajé, 19
Káfíńtà wá gé Gàgàrà lulẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ yí kùkùté rẹ̀ wò. "Ọmọ yìí, kí lẹ tún ń dì? Eléyìí ti kú kí òtútù tó dé."

Wọ́n kó o lọ. Ọ̀gá Pátápátá rẹ kóòtù sínú ọṣẹ. Ìyá Àgbà gbọ́ ìró ayùn látinú yàrá.

Ìṣẹ́gun, 20
Mo sọ̀rọ̀! Mo ṣe bíi káfíńtà fún Ìyá Àgbà, òun àti ayùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ohùn mi nìkan ló wà lẹ́nu mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 22
Òtútù tún padà. Ìrì ti dì lórí koríko.

Mò ń wẹ̀ láàárọ̀, ọṣẹ wà lójú mi. Mo gbọ́ ọ látinú ọgbà: "Ìyá Àgbààà! Ẹ jáde wá. Ẹ má wọ bàtà."

Ohùn mi ni. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Bí mo ṣe máa ń fa "Àgbà" yẹn, bó ṣe máa ń ha láàárọ̀, gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ tó ṣí.

Mo ró aṣọ, mo sáré. Ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, láìwọ bàtà, nínú ìrì. Ọ̀gá Pátápátá yọrí lójú fèrèsé: "Odídẹ! Ṣé o fẹ́ pa á ni? Mo gbọ́ ẹ! Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ẹ!"

Nínú ilé yìí, ohùn yòówù kó dún, èmi ni.

"Ìyá Àgbà, ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wò mí. Ó yíjú wo ibi tí Gàgàrà wà tẹ́lẹ̀. Ó tún wò mí. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń pè mí. Èwo nínú yín ni kí n dá lóhùn?"

A gbé e wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbóná títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀gá Pátápátá ti di ẹrù mi: ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ni mò ń lọ lọ́la, títí òtútù á fi kásẹ̀ ńlẹ̀. Ó ní bí mo bá ti kúrò níbí, kò sẹ́ni tó máa pe Ìyá Àgbà síta mọ́.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sunkún. Ó ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀ eré.

Èmi ni mò ń lọ. Ohùn mi ò bá mi lọ.