Àkùkọ Tí Ẹ Pa fún Ògún

Ìyá mi ní Banigbé,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Anicet àbúrò mi ní ẹ ti pa àkùkọ ńlá yẹn fún Ògún nítorí ọkọ̀ inú fótò wa. Ẹ ṣé o.

Bon, ọkọ̀ náà dára. Iná mànàmáná ló ń lò. Ẹ̀yìn rẹ̀ á gba gbogbo ẹ̀gẹ́ oko yín. Bí Thérèse ìyàwó mi ṣe ń wà á, Flore ọmọ wa ní ṣé ó ti kú ni, tí kò dún?

Ẹni tó ń tà á ló ní ká wà á wò. A dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà, a wọ bọ́ọ̀sì relé.

Ẹ bá mi kí Anicet. Bí ẹ bá dé ojú Ògún, ẹ kí i. Ẹ má tíì sọ nǹkan mìíràn.

Ọmọ yín,
Cyprien