Ọ̀gá Àyíká Tí Kò Dé Lọ́jọ́bọ̀

Abísọ́lá, Àṣàbí ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àfaradà ìlú Èkó. Ṣé ara le? Ṣé ò ń rí oúnjẹ jẹ? Àwa níbí dúpẹ́, a ṣì ń mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ń dùn mí, tí gàrí sì ti di ohun tí wọ́n ń fi agolo kékeré wọ̀n lọ́jà Àtàn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àìsàn mọ ilé rẹ, kó má sì jẹ́ kí ọ̀gá rẹ bínú sí ọ. Àmín.

À ń wò ọ́ o. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la máa ń pé jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù Àmọ̀dá tó ń lẹ táyà, torí òun nìkan ló ní tẹlifíṣàn ládùúgbò wa, bátìrì mọ́tò ló sì fi ń tan án. Nígbà tí o sọ pé o ti ríṣẹ́ sílé amóhùnmáwòrán, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ ọba gan-an ni, àfìgbà tí mo rí ọ nínú aṣọ kakí, tí wọ́n ń pè ọ́ ní Ọ̀gá Àyíká. Mo sunkún. Mo juwọ́ sí ọ títí, o ò dá mi lóhùn, Àmọ̀dá ní bóyá nítorí pé ẹnu iṣẹ́ lo wà ni.

Àmọ́ ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ ń dùn mí díẹ̀. O ní kí ará oko má gé igi mọ́, pé ẹni tó ń gé igi ń ba ilẹ̀ ọmọ rẹ̀ jẹ́. O ní kí a fara da ètò Sáàpù ìjọba yìí tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, pé oògùn kíkorò ni, ara ìlú ń bọ̀ wá yá. Bí o ṣe ń sọ ọ́ ni gbogbo èèyàn ń yíjú wò mí, torí wọ́n ti rí mi láàárọ̀ pẹ̀lú ẹrù igi lórí. Kẹrosíìnì kò ṣeé sún mọ́ mọ́, Abísọ́lá. Kí ni kí n fi se ẹ̀kọ tí mò ń tà?

Ó wá di ọ̀sẹ̀ tí o mú olówó kan tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń da májèlé sódò abúlé. O pàṣẹ, ọlọ́pàá wọlé, ọkùnrin náà kúnlẹ̀, wọ́n sì dí ẹnu páìpù lójú gbogbo wa. A pàtẹ́wọ́ títí. O ṣáà mọ odò wa, tó ń ti ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ aláró kan lójú ọ̀nà Ìdíròkò wá. Lónìí omi rẹ̀ pupa, lọ́la ó dúdú. Ẹja ti kú tán, awọ ara àwọn ọmọ Mùíbátù aládùúgbò wa sì ń bó. Mo ní ṣebí ọmọ mi ni ọ̀gá gbogbo wọn.

Ni mo bá bu omi náà sínú kẹ́ẹ̀gì, mo gbé e dé ẹnu géètì wọn. Adérógbà, ọmọ Ìkirè kan, ló ń ṣọ́ géètì. Ó ní kí n máa lọ. Mo ní kó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ìyá Ọ̀gá Àyíká ló dé. Ó tẹjú mọ́ mi, ó ní ṣé ti Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo ní èmi ni mo bí i, ṣé kò rí imú wa ni. Ló bá dọ̀bálẹ̀, ó mú mi wọlé. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Fọlájìmí, kì í wo tẹlifíṣàn, Adérógbà ló sọ fún un pé ìyá ọ̀gá ìjọba ni mí. Ó fún mi ní àga, ó fún mi ní míńírà tó tutù, ó ń bi mí ọjọ́ tí o máa dé. Mo ní Ọjọ́bọ̀ lo máa ń dé, àmọ́ o kì í lò ju ìdajì wákàtí lọ. Òógùn bò ó.

Abísọ́lá, wọ́n dí ẹnu páìpù tó ń da aró sódò wa. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, omi wa mọ́ débi pé mò ń rí ẹsẹ̀ mi nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin ń kí mi kú oríire.

Ọjọ́bọ̀ dé, o ò dé. Ọ̀gá náà retí rẹ títí, ló bá bi àwọn akọ̀wé rẹ̀ nípa rẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òṣèré ni ọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n ṣí páìpù padà, ọjọ́ náà ni wọ́n sì lé Adérógbà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó wá bá mi nílé. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó jókòó, ó bi mí jẹ́jẹ́ bóyá lóòótọ́ ni pé o kì í ṣe ọ̀gá kankan. Mo ní ohun tí mo fojú rí ni mo sọ. Ó ní òun náà fojú rí i, pé ó ti pẹ́ tó ti wu òun kí ẹnì kan wá mú wọn. Mo fún un lẹ́kọ, ó jẹ ẹ́, ó dúpẹ́, ó lọ. Àtìgbà náà oorun mi ò dán mọ́rán, torí ó ní ìyàwó, ó lọ́mọ.

Wọ́n ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eré yìí fún mi, ó ti rẹ̀ mí. Àmọ̀dá ní ìjọba ló ń sanwó rẹ̀ kí àwa ará oko lè gbọ́n. Ó dáa. Àmọ́ aṣọ́gbó gba àdá mi lóṣù tó kọjá, ó ní ṣé mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lórí tẹlifíṣàn ni. Kò sọ pé eré ni. Ṣé ibi tó kàn mí nìkan ló jẹ́ òótọ́, tí ibi tó kan ilé iṣẹ́ wá jẹ́ eré? Bá mi bi ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ fún ọ sọ. Fi pẹ̀lẹ́ bi í o, kí wọ́n má baà lé ìwọ náà.

Bí o bá rí owó díẹ̀, fi rán Fàlílù awakọ̀ sí mi, kí n ra sítóòfù, kí n sì mú nínú owó náà fún ìyàwó Adérógbà. Bí kò bá sí, má yáwó. Màá máa fi àdá Mùíbátù gé igi mi, kí ìwọ náà máa bá mi wí lọ ní Ọjọ́bọ̀. Mi ò bínú. Ó ti lé lọ́dún kan tí o ti wálé, ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí ojú rẹ.

Ọlọ́run tó fún ọ lóhùn yóò fún ọ lẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. O ò ní sọnù sí Èkó. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àdìzát