Sípíríǹgì Tí Mo Fọwọ́ Yí

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta, 2024

Mọ́tò kan wọ ọgbà mẹkáníìkì wa láàárọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn wọ́lẹ̀. Corolla dúdú. Mo ti sọ ọ́ ní Ìgbín. Dàmíláre ló ni ín, olùkọ́ ní yunifásítì, ọmọlúàbí ọkùnrin tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá mi, Ọ̀gá Lágúnjú, ló bá a rẹ mọ́tò náà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó lè sún mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń dún kó-kó-kó tó bá ti wọ kòtò. Ọ̀gá ní kó gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti ń rán oníbàárà wọn sí mi láti bí ọdún kan – àgbà ti ń dé, mo rò bẹ́ẹ̀.

Mo fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀. Sípíríǹgì dẹ̀ gbẹ̀rẹ̀ láyè rẹ̀, mo fi ìka méjì yí i bí ìdérí ìgò. Ọ̀gá gé e kúrú, kò burú. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi sí i, tòkunbọ̀ gígùn ni! Ẹni tó bá gé sípíríǹgì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì sí kúkúrú, kó lè dì í mú. Ta ló kọ́ mi? Ọ̀gá yìí kan náà.

Dàmíláre bi mí pé ṣé kò sí wàhálà. Mo ní kò sí. Mo kun gìrísì síbi tó ń dún, ariwo rọlẹ̀. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Nínú ọgbà wa, ọmọṣẹ́ kì í sọ àléébù iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ fún oníbàárà. Ìbáà ti gba fíríídọ̀ọ̀mù láti ogún ọdún. Ẹni tó dán an wò kẹ́yìn ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Mọdákẹ́kẹ́, kò sẹ́ni tó ń kí i mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Sípíríǹgì yẹn. Sípíríǹgì yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo lọ sílé Ọ̀gá ní Òkèrèwè láti lọ sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo béèrè bí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ṣe ń ṣe. Mo béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ gan-an kò jáde. Nígbà tó yá mo ní ọmọkùnrin oní-Corolla yẹn, ó máa ń fi mọ́tò sáré jù o. Wọ́n ní ṣé mo ti bá a yẹ mọ́tò wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní ó dáa, ọkàn àwọn balẹ̀. Mo gbà pé wọ́n fi ń pa mí lẹ́nu mọ́ ni. Mo bínú délé.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, sí Dàmíláre: Ẹ má gbé mọ́tò yẹn rìn jìnnà, ẹ kọ́kọ́ gbé e padà wá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pa á rẹ́. Ojo ni mí.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Ìgbín gbókìtì lọ́nà Ìkirè lọ́sàn-án yìí. Dàmíláre ti kú.

Ọjọ́ Ajé, 11

Mo lọ wo mọ́tò náà. Sípíríǹgì fò kúrò láyè rẹ̀, ó gé táyà iwájú. Ó hàn kedere sí ẹni tó bá mọ ibi tí yóò wò. Gbogbo ọgbà ní eré àsápajúdé ni. Èmi náà ní eré àsápajúdé ni. Ọlọ́run ń gbọ́. Ọ̀gá kò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́rú, 20

Yéjídé wá, ìyàwó olóògbé. Aṣọ dúdú, sálúbàtà rọ́bà. Mo gbé àga fún un, kò jókòó. Ó ní ọkọ òun délé lọ́jọ́ Ajé yẹn pẹ̀lú ìdùnnú, pé Ọ̀gá Àlàní, èmi nìyẹn, yẹ abẹ́ mọ́tò náà wò fínnífínní, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Torí ẹ̀ lòun fi gbà kó gbé e lọ Ìbàdàn. Ó wá bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lóòótọ́ lẹ ò rí nǹkan kan?"

Mo ní mo rí i.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. Mo tún un sọ. Kò sunkún, kò bú mi. Ó lọ.

Ọ̀gá rí i bó ṣe ń jáde, wọ́n wá bá mi. Mo ní mo ti sọ fún un, mo sì dárúkọ wọn. Mo ń retí èpè. Wọ́n jókòó sórí táyà. Wọ́n ní ojú òsì àwọn ti kú láti ọdún tó kọjá, tọ̀tún kò ríran tó mọ́. Ọwọ́ lásán làwọn fi wọn ṣọ́ọ̀kì yẹn, ó jọ kúkúrú lọ́wọ́ àwọn. Ìtìjú kò jẹ́ káwọn sọ fẹ́nikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo mọ́tò táwọn bá ṣe tán fi ń wá sọ́dọ̀ mi.

"Ìwọ ni mo fi ṣe ojú, Àlàní. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Mo ní ọ̀gá mi ni yín, sà.