Bébà Tí Lami Pè Ní Oyún Ìbejì

Ọjà Tuntun,
Ìlọrin.
14 Oṣù Kẹfà, 1994.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Habeebah,

Àsàlámù àlékún. Mo kí yín, mo kí Àlááji Abdulmumini ọkọ yín, mo kí gbogbo ará ilé ní Kano. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Àwa níbí ń dúpẹ́, àfi àlùbọ́sà tó gbówó lórí. Habeebah ọmọ yín tó ń gbé lọ́dọ̀ mi wà ní àlàáfíà, ara rẹ̀ sì mọ́. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, torí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Mo mọ̀ pé Lami aládùúgbò yín á ti dé ọ̀dọ̀ yín kí lẹ́tà yìí tó dé. Ó wá ra gààrí ní Ìpátá lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì sùn lọ́dọ̀ wa bó ṣe máa ń ṣe. Bí Habeebah ṣe ń kó ìwé yunifásítì rẹ̀ sínú báàgì ni bébà kan já bọ́. Lami ló mú un. Bébà dúdú ni, nǹkan funfun rogodo méjì wà nínú rẹ̀, ohun tín-ín-rín bí okùn so wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ òyìnbó wẹ́wẹ́ sì kún etí rẹ̀. Ẹ rántí síkáànù, àwòrán oyún ìyàwó Màmúdù, tó ń fi han gbogbo àdúgbò nígbà tí ẹ wá ṣe Iléyá? Àfi bíi pé ọ̀kan náà ni. Lami wò mí, ó ní, "Ìyá Hamzah, ìbejì ni o! Ẹ kú oríire." Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín. Ní Sátidé, ó ti wọkọ̀ lọ. Gààrí tó wá rà, kò rà á tán.

Èmi náà fura, n kò ní parọ́. Ọmọ tó ń pẹ́ bọ̀ láti ilé ìwé, tó ń dá rẹ́rìn-ín sórí ìwé, ta ni kò ní fura sí i? Mo bi í. Ó ní, "Màmá, ìràwọ̀ ni." Mo ní ìràwọ̀ wo ló ń lóyún? Ó ní ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan ni, tó jìnnà réré. Pé ojú lásán kò lè rí rogodo méjèèjì yẹn, ẹ̀rọ tó ń gbá ìgbì rédíò mú ni wọ́n fi yà á lókè òkun. Ó ní nǹkan kan wà láàárín rẹ̀ tó ń gbé ohun tó bá sún mọ́ ọn mì, tó sì ń tu díẹ̀ síta lọ́tùn-ún àti lósì. Mo ní, "Irọ́ yìí gùn."

Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Àríyọ̀. N kò jẹ́ kí olùkọ́ náà mọ̀ pé mò ń bọ̀. Ojú ni mo kọ́kọ́ ń wò, bóyá òun àti ọmọ yóò ṣẹ́jú síra wọn. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà da irú bébà yẹn sórí tábìlì, ó pọ̀ bí ewé. Ó ní ìgbì tí wọ́n fi ya ti Habeebah ti kúrò lára ìràwọ̀ náà kí ayé tí a tẹ̀ yìí tó wà, ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, bí èyí tí a ń wò bá ṣe jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn rẹ̀ ṣe pẹ́ tó. Kò sí ẹni tó lè dúró wo ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan títí yóò fi dàgbà. Wọ́n kàn ń fi ti ọ̀nà jíjìn wé ti ìtòsí, bí àlejò tó wọ agbo ilé, tó rí ọmọ tó ń rákò, tó rí géńdé, tó rí arúgbó. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn alágbára inú wọn pọ̀ gan-an, ariwo wọn ga. Lónìí, irú wọn ti ṣọ̀wọ́n.

Mo ní, "Ẹ dúró ná. Tí mo bá wà lẹ́nu ọ̀nà Ìpátá, ohùn ta ni mò ń gbọ́ láti ìsàlẹ̀ ọjà? Aláriwo nìkan. Ṣé kò sí ẹni tó ń rọra tajà níbẹ̀ ni?" Òun àti Habeebah bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ohun tí mo ní kó lọ wádìí nìyẹn. Àwọn tí ohùn wọn kéré lọ́nà jíjìn, a ò tíì mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó." Mo fi ìyẹn sọ́kàn. Ọkùnrin tó bá ń tan ọmọlọ́mọ kì í sọ pé òun kò mọ̀.

Síbẹ̀, n kò gba ọ̀rọ̀ olùkọ́ gbọ́ tán. Nígbà tí a délé, gbogbo wa dìde fún ìrun Màgàríbà, Habeebah jókòó. Láàárọ̀ yìí, kò fọwọ́ kan kẹ́tùlù àlùwàlá. Ẹ̀yin obìnrin bíi tèmi, ó yé yín. Torí pé ọmọ lè dọ́gbọ́n jókòó, mo lọ wo aṣọ nǹkan oṣù tó fọ̀ sá sẹ́yìn ilé. Wállàhi, oyún kan kò sí níbẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ méjì.

Wàyí o, kí ni Lami ń wá? Garba àbúrò rẹ̀ tọrọ ọmọ yìí lọ́dún tó kọjá, ẹ ní kò tíì tó àkókò. Lami sì gbọ́ tí Àlááji sọ pé bí ilé ìwé bá ba òun lórúkọ, òun yóò yọ ọmọ òun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọjà kọ́ mi: ẹni tó bá ń ba ọjà lórúkọ, ó fẹ́ rà á ní pọ́ọ́kú ni. Bó bá ní kí Garba fẹ́ ẹ báyìí láti bo àṣírí yín, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, bí Àlááji bá ti ń múra láti wá mú un, ẹ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kan péré ló kù fún ọmọ náà. Ohun tí Lami gbé dé, ti Sátidé ni. Èyí tí mo kọ yìí ni tòní.

Kí Ọlọ́run bá wa bo ọmọ wa, kó fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ rẹ̀, kó fún yín lẹ́sẹ̀ tó le láti wá jó ayọ̀ rẹ̀. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ọmọ tì,
Bàríkísù, Ìyá Hamzah.

Mo tún rántí: bébà náà nìyí, mo fi sínú lẹ́tà yìí kí Danjuma awakọ̀ lè gbé e dé kíá. Habeebah ní kí ẹ dá a padà. Ẹ pe Lami síwájú Àlááji, kó fi orí ọmọ hàn yín nínú rẹ̀. Ẹ má wo bébà. Ojú Lami ni kí ẹ máa wò.