Fèrè Ọkọ̀ Tó Ké Nínú Oṣù Ìdákẹ́jẹ́

Adobea ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run tó gbé òkè Akuapem yìí dúró yóò gbé ọ dúró ní Accra. Ìyá rẹ ń kí ọ. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé oṣù ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú ọdún Odwira ti wọlé, mo sì ti fi aṣọ wé fóònù tí o rà fún mi, mo rì í mọ́ inú àgbàdo, torí n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ọmọ mi, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. O mọ̀ pé èmi ni arákùnrin ìyá mi fi iṣẹ́ ṣíṣọ́ ìdákẹ́jẹ́ ìlú lé lọ́wọ́, ẹni tó bá pariwo lóṣù yìí, èmi ni mò ń mú un lọ bá ọba wa, Nana, kó lọ san àgùntàn. Lọ́dún tó kọjá mo mú Opanyin Larbi, àgbà ìlú bíi tèmi, nítorí rédíò, mi ò sì wojú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ń wa ọkọ̀ tí o fún mi lọ sóko, bí mo ṣe yí sítíárìn sósì níwájú ilé Larbi gan-an, fèrè ọkọ̀ ké. N kò fọwọ́ kàn án. Mo yí i sọ́tùn-ún, ó dákẹ́, mo tún yí i sósì, ó tún figbe ta. Larbi jáde, ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Mo pe Ofei, rẹwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ó tú sítíárìn, ohun tó sọ kò jẹ́ kí n sùn. Ó ní iná ti wà lára fèrè náà tẹ́lẹ̀, ọ̀nà tí yóò gbà padà sí bátìrì ló ń wá, tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, wáyà á kan òpó irin tó di sítíárìn mú, iná á gba ara irin ọkọ̀ kọjá, fèrè á ké. Ó ní awọ wáyà náà ti bó, ó ń kan òpó yẹn fúnra rẹ̀ tí mo bá ti yí sítíárìn sósì. Ṣé iná ló ti ń rìn lára irin tí mo jókòó lé látọjọ́ yìí? Mo bi í pé níbo ni mítà rẹ̀ wà, ó ní ọkọ̀ kì í ní mítà. Adobea, ṣé o mọ̀ pé iná ọ̀fẹ́ là ń jẹ láti ọjọ́ yìí, tí àwọn oníná bá gbọ́ ńkọ́? Ìyá rẹ kì í wọnú ọkọ̀ mọ́ àfi tó bá wọ bàtà rọ́bà, á sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè títí a ó fi dé ọjà.

Ofei fi téèpù wé wáyà náà, fèrè dákẹ́, ṣùgbọ́n Nana ti ránṣẹ́ pè mí. Àwọn àgbà ní tí mo bá jẹ̀bi, Larbi ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún. Mo ní wáyà ló ṣẹ̀, kì í ṣe èmi. A gbé ọkọ̀ wọ àgbàlá ààfin, Ofei ṣàlàyé títí, kò yé wọn, ni Nana fúnra rẹ̀ bá ní kó ṣe é kí àwọn rí i. Ofei tú téèpù, ó fi wáyà kan òpó irin. Fèrè ké débi pé àwọn adìyẹ ààfin fò gun òrùlé. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dìde, mo ti fi gbogbo ohùn mi bèèrè pé ta ló ń pariwo níbẹ̀ yẹn.

Wọ́n dá mi láre ti ọ̀nà oko, wáyà ló jẹ̀bi. Ti ààfin, Nana ló pàṣẹ rẹ̀. Igbe tèmi nìkan ni wọn ò rí ẹlòmíràn tí wọ́n máa dì í rù, torí náà èmi ni màá san àgùntàn. Tí àgùntàn bá dé kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ṣì jẹ́ tèmi, àmọ́ títí dìgbà náà, Larbi ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ mi.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́. Owó ni o, má ra àgùntàn fún mi ní Accra, ẹ̀gbẹ́ ààfin gan-an ni màá ti rà á. Tó bá fi lè ké nígbà tí dẹrẹ́bà bá ń gbé e bọ̀ wọ̀lú, èmi náà ni màá tún san òmíràn.

Ọlọ́run á bùkún ọ, kò ní jẹ́ kí ẹnu rẹ kó bá ọ láéláé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Opanyin Asiedu