Ọjọ́ tí Bàbá Sọ̀rọ̀ Nídìí Alùpùpù Rẹ

Radim àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà ni ìwọ, ìyàwó rẹ, àti ọmọ tuntun tí a kò tíì gbé wà? Àwọn igi eléso ẹ̀yìnkùlé ti yọ òdòdó, ó ń rọra já bọ́ sínú àgbàlá bíi pé ojú oorun la wà.

Alùpùpù tí o fi sílẹ̀ ń pariwo débi pé Ìyá Hedvika aládùúgbò wa ké láti ojú fèrèsé: "Zdenka, ṣé o fẹ́ jí òkú ni?" Ni mo bá tú sàlẹ́ńsà rẹ̀, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, sórí tábìlì ilé ìdáná. Òwú tó yẹ kó máa gba ariwo mọ́ra nínú rẹ̀ ti jó di eérú. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ọ̀pá oníhò àárín rẹ̀, mo sì ń wé òwú tuntun mọ́ ọn. Bàbá jókòó tì mí. O mọ̀ pé kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin Màmá.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀: "Má wé e le jù. Jẹ́ kó rí àyè mí."

Mo dẹ òwú náà díẹ̀. Bàbá dìde, a jọ ti ọ̀pá náà padà sínú sàlẹ́ńsà. Nígbà tí mo dè é padà mọ́ alùpùpù tí mo sì sítáàtì rẹ̀, ó ń kùn jẹ́ẹ́ bí oyin lókèèrè. Bàbá tẹ́tí sí i títí, ó wá ní: "Radim ńkọ́? Ṣé ó ṣì rò pé mò ń bínú pé kò wá síbi ìsìnkú?"

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyẹn. Dókítà ní ọkàn Bàbá ti rẹ̀. Jọ̀wọ́, gbé ọmọ wá kí òtútù tó dé. Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ́nà.

Mo sọ fún Bàbá pé wàá fẹnu ara rẹ dá a lóhùn. Má sọ mí di òpùrọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Zdenka